Ta Ni Yóò Gba Àyè Kẹta?

Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ìpàdé Ọ̀yọ́ ni oúnjẹ kò ti fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun Ọlọ́runnísọ̀lá mọ́. Bí ó bá bu òkèlè, yóò kàn dì í mú, yóò máa wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé òkúta mì. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, gémù-másítà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Orí-Òkè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ ń la pápá já láìlo fèrè. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé àyà ẹni gíga kì í já? Àyà tirẹ̀ ti ń já láti ọjọ́ Ajé, ìpàdé sì di Ọjọ́bọ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòroó ṣàlàyé. Àgbègbè márùn-ún ló ní líìgì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà: Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìbàràpá. Ilé-ìwé tó bá gba líìgì àgbègbè rẹ̀ ni yóò lọ sí ìlú Ọ̀yọ́ lọ du Ife Ìrẹ́pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni ìdíje náà ń gbà. Tẹ́lẹ̀, wọn a ṣẹ́ gègé, ẹni tí gègé bá jù sílẹ̀ á lọ sílé lọ sunkún. Nígbà tó di ọdún 1989, àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn ò ṣẹ́ gègé mọ́, pé ó ti jọ tẹ́tẹ́ jù. Líìgì mẹ́ta ni yóò máa wọlé tààrà. Méjì tó bá kù yóò kọ́kọ́ bá ara wọn figagbága, ẹni tó bá borí níbẹ̀ ni yóò gba àyè kẹrin. Ọ̀yọ́ gba àyè kan nítorí pé àwọn ni onílé. Ìṣẹ́yìn gba ìkejì nítorí pé ọwọ́ wọn ni ife wà. Ó wá ku àyè kẹta. Ìbàràpá ti gbà láti figagbága, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí sì ń wo ara wọn lójú bí orogún méjì tí wọ́n gbé ẹyọ ẹran kan síwájú wọn.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí kí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ figagbága náà, kí wọ́n borí, kí ọ̀rọ̀ tán? Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ ni Ife fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú oṣù àwẹ̀ ni wọ́n fi ìfigagbága yẹn sí. Ọ̀sán gangan ni, ní Èrúwà, nígbà tí oòrùn bá wà láàrin orí. Ìdajì nínú àwọn ọmọ Orí-Òkè tí Nísọ̀lá kó jọ, tí wọ́n gba líìgì Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí, ló máa ń gbààwẹ̀, Ismaheel tó ń ṣọ́lé ni olórí wọn. Ọmọ yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ náà. Bí ó bá ti dúró lẹ́nu ilé, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nílé. Alfa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ìjẹ̀rù sì ni bàbá rẹ̀. Alfa fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó tilẹ̀ máa ń wá wo ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ pápá, ṣùgbọ́n ó ti la ọ̀rọ̀ fún Nísọ̀lá láìfi epo bọyọ̀ nínú rẹ̀.

“Tíṣà,” ni Alfa wí, “ẹ ti ṣe ọmọ mi lóore, mi ò sì ní gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, kí ẹ mú un dé ibi tó bá wù yín. Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀lù yín sínú àwẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a wá. Ọmọ tó bá ń fò sókè sódò nínú oòrùn ọ̀sán, omi ni yóò mu nígbẹ̀yìn. Mi ò sì ní í fi ọwọ́ ara mi fún un ní ohun tí yóò fi já àwẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, sà,” ni Nísọ̀lá dáhùn. “Tààrà la máa wọlé. Kò ní í sí bọ́ọ̀lù nínú àwẹ̀.”

Ó ṣe ìlérí náà kalẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fún un ní nǹkan kan. Ọdún ìkẹyìn Ismaheel nílé-ìwé sì nìyí, tirẹ̀ àti ti ìdajì ẹgbẹ́ náà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn kan á ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan á ti wà lóko ní Ìrẹsà, kò sì sí ẹni tí yóò tún kó wọn jọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ ni, Nísọ̀lá ì bá ti rí oúnjẹ jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Alága ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ni Alàgbà Ebenezer ti ìlú Ọ̀yọ́, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá sí ìdí. Alàgbà yìí kan náà ni bàbá Morẹ́nikẹ́. Morẹ́nikẹ́ sì ni ọmọbìnrin tí Nísọ̀lá fẹ́ fi ṣe aya.

Ìpàdé àwọn akọrin ìjọ ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn. Ìyá Morẹ́nikẹ́ ti gbà, ó ti ń bi Nísọ̀lá léèrè irú ọbẹ̀ tó fẹ́ràn. Sátidé tó tẹ̀lé ìpàdé líìgì yìí gan-an ni wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí, tí àwọn ẹbí Nísọ̀lá yóò wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n ti sọ fún un, ó ní òun gbọ́, ó sì padà sínú Bíbélì rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá gbígbọ́ yẹn ti di gbígbà.

“Bàbá mi kì í sọ ohun tó wà nínú wọn,” ni Morẹ́nikẹ́ sọ fún un nígbà tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Wọn ò tíì gbàgbé ẹni tó bá wọn jiyàn nígbà tí mo wà ní kékeré.”

Ẹ wá wò ó. Nínú àbá tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ sí gbogbo líìgì, Ṣakí ni wọ́n kọ sí àyè kẹta. Alàgbà Ebenezer ló fi orúkọ rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí alága, ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìpàdé. Nísọ̀lá ni aṣojú líìgì Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ó wá fẹ́ dìde láàrin gbọ̀ngàn, kó sọ pé ohun tí bàbá ìyàwó òun kọ kò dára? Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni kò gbọdọ̀ wo onítọ̀hún lójú tán, ká má tíì sọ pé kó bá a ṣe àríyànjiyàn ní gbangba. Bí kò bá sì dìde, ojú wo ni yóò fi wo Ismaheel?

Mashood ló fi Dátsùn rẹ̀ gbé e lọ. Mashood ń kọ́ ìṣirò nílé-ìwé kan náà, òun sì ni akọ̀wé líìgì Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn. Òun nìkan nílé-ìwé ló mọ̀ nípa Morẹ́nikẹ́, Nísọ̀lá sì ti mú un búra kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí wọ́n fi kọjá afárá odò Ọbà, Nísọ̀lá ń mí kanlẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnujú nu ọwọ́.

“O ti pa mí pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn yìí,” ni Mashood wí. “Kí ló le níbẹ̀? Dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí o tó sọ̀rọ̀. Kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ta ló máa ń na ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀?”

“Ìpàdé olùkọ́ ni, Mashood. Kò sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìpàdé olùkọ́. A kàn ń tẹ orí ba ni.”

“Àwọn tí kò tọrọ ìyàwó nìyẹn. Ìwọ ń tọrọ nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí o bá dìde sọ̀rọ̀ lásán, wọ́n á ní o rí àwọn fín. Bí o bá dọ̀bálẹ̀, o ti wẹ ọwọ́ rẹ mọ́. Sọ gbogbo ohun tó bá wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn.”

Nísọ̀lá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó dà bí ẹni pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi koríko tó dì mú léèrè orúkọ.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Wọ́n to àga sí bí ẹsẹ̀ ẹṣin, tábìlì alága sì wà lókè. Alàgbà Ebenezer ti jókòó kí ẹnikẹ́ni tó dé, dàńṣíkí funfun lọ́rùn, awò lójú. Nígbà tí Nísọ̀lá kí i, ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀nà,” bí ó ti sọ fún gbogbo ènìyàn, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Nísọ̀lá wá ojú rẹ̀ yíká, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Aṣojú Ìbàràpá kò dé. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ohun èlò ọkọ̀ sì ti di ohun tí ènìyàn ń fi àdúrà wá láyé SAP tí ìjọba fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe. Wọ́n ní kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ láìsí òun.

Gàfárù, aṣojú Ọ̀yọ́, ló kọ́kọ́ dìde. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mú. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti lé ilé-ìwé rẹ̀ kúrò nínú ìdíje lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kò sọ ìyẹn o, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ó ní Ṣakí ló yẹ kó gba àyè kẹta. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́kànlá ló wà nínú líìgì Ṣakí, mẹ́fà péré ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá sì borí mẹ́wàá ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó borí márùn-ún lọ. Ó tún ní àwọn ọmọ Ṣakí máa ń rin ọ̀nà jíjìn lórí títì tí kò dára, kò sì yẹ ká tún lé wọn káàkiri kí wọ́n tó débí. Àwọn kan mi orí. Ìyáàfin Olúyẹ́misí, aṣojú Ṣakí, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ń kọ́ eré sísá, kò fi kún un. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù ti bá òun sọ ọ́ tán.

“Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?” ni alága wí. “Àbá wa rèé nílẹ̀. Ẹni tó bá rí àléébù nínú rẹ̀, kó dìde kó sọ ọ́.”

Nísọ̀lá dìde. Ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ó wo alága, alága wò ó láti òkè awò, bí àlá ló sì rí Morẹ́nikẹ́ tó ń sọ pé kí wọ́n má bá bàbá òun jiyàn. Ó ti àga sẹ́yìn, ó jáde sí àárín gbọ̀ngàn, ó sì na gbalaja sílẹ̀ níwájú tábìlì alága, toun ti táì tó so mọ́rùn, àyà rẹ̀ lé sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kan.

“Háà, Ọ̀gbẹ́ni Nísọ̀lá!” ni Gàfárù pariwo. “Bọ́ọ̀lù la ní kẹ́ ẹ wá sọ o. Àbí ìyàwó lẹ wá tọrọ?”

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni Gàfárù ń ṣe. Kò mọ nǹkan kan. Bí Nísọ̀lá bá ti pa ẹnu mọ́, tó dìde, tó rẹ́rìn-ín, tó ní ọ̀wọ̀ àgbà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ó rò pé Ọlọ́run ló la ọ̀nà fún òun, pé bí òun bá sọ òótọ́ náà síta, kò ní í sí ẹni tí yóò ní òun rí àgbà fín.

“Òótọ́ lẹ sọ, sà,” ló wí láti ilẹ̀. “Ọmọ Bàbá ni mo ń tọrọ. Sátidé yìí làwọn ẹbí mi ń bọ̀. Ohun tó fà á tí mo fi dọ̀bálẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kò yẹ kí àna sọ ọ́ síwájú àna ní ìdúró. Ẹ foríjì mí, Bàbá.”

Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Mashood, tó jókòó lẹ́yìn, fi ọwọ́ bo ojú. Alàgbà Ebenezer yọ awò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀.

“Dìde,” ló wí. “Dìde, kí o sọ ọ̀rọ̀ rẹ.”

Ní báyìí tó ti tú àṣírí ara rẹ̀, ẹ̀rù fi Nísọ̀lá sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó sì sọ̀rọ̀ bí kò ti sọ ọ́ rí. Ó ní òun kò bá Ṣakí ní ìjà. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: kí la fi ń mọ líìgì tó le? Ṣé iye ilé-ìwé tó wà nínú rẹ̀ ni? Agbo adìẹ tó kún kò túmọ̀ sí pé àkùkọ ibẹ̀ lè jà. Ó ní ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún márùn-ún, ilé-ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gba líìgì. Ẹni tó bá gbà á lónìí kò lè sùn, nítorí pé àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti dé àṣekágbá Ife Ìrẹ́pọ̀, ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ló sì lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní àyè yìí, líìgì la fẹ́ fún un, kì í ṣe ilé-ìwé kan, kí a wo líìgì tí ẹnikẹ́ni tó bá jáde nínú rẹ̀ lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

“Nípa ti ọ̀nà jíjìn,” ló wí, “mo bá àwọn ọmọ Ṣakí kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ tó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù tún títì ṣe. Àwọn ọmọ tèmi náà, bí wọ́n bá figagbága ní ọ̀sán àwẹ̀, ìdajì wọn ò ní í sí níbẹ̀. Ọmọ tí mo fi ń ṣọ́lé kò ní í sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan ló máa borí wa, ọjọ́ ló máa borí wa. Mo bẹ̀ yín.”

Ó jókòó. Alága kọjú sí Ìyáàfin Olúyẹ́misí.

“Láti ọdún márùn-ún,” ló bi í, “ilé-ìwé mélòó ló ti gba líìgì yín?”

Obìnrin náà kò lè purọ́. “Ẹyọ kan ni, sà. Àwọn kan náà ló ń gbà á.”

“Àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́?”

“Wọ́n ń gbìyànjú, sà.”

Alága mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ nǹkan kan sí etí àbá tó wà níwájú rẹ̀. Mashood na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá Nísọ̀lá léjìká nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ọkàn Nísọ̀lá rọ̀, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lójijì. Ó ti ń rò ó bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Alfa.

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ ni wọ́n nà sókè. Ọ̀yọ́ dìbò fún Ṣakí, Ṣakí dìbò fún ara rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ dìbò fún ara rẹ̀, aṣojú Ìṣẹ́yìn náà sì na ọwọ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ òun létí. Méjì sí méjì. Bí Ìbàràpá bá wà níbẹ̀ ni, ì bá ti yanjú. Ní báyìí, alága nìkan ló kù tí yóò já a.

Gàfárù kò dìde. Ó kàn fẹ̀yìn ti àga, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú.

“Ọwọ́ yín ló kù sí, Bàbá. Àna yín ti sọ tirẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni Nísọ̀lá rí ohun tó ti ṣe. Ó rí i lójú àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn: gbogbo wọn ń wo alága, wọ́n ń dúró de ohun tí bàbá ìyàwó yóò fi fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìyáàfin Olúyẹ́misí náà ń wò ó. Ó fẹ́ pariwo pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyàwó, pé òun kò tọrọ ẹnikẹ́ni mọ́, pé kí wọ́n ṣáà wo ti bọ́ọ̀lù. Ó ti pẹ́ jù.

Alàgbà Ebenezer fi etí dàńṣíkí nu awò rẹ̀, ó tún un nù. Ó wọ̀ ọ́. Ó ní, “Àbá ìgbìmọ̀ dúró bó ṣe wà. Ṣakí.”

Wọ́n gbàdúrà ìparí. Gàfárù wá bọ Nísọ̀lá lọ́wọ́, ó kí i kú oríire Sátidé, ó sì rẹ́rìn-ín dé ibi erìgì. Nísọ̀lá ń wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí alága pè é sí ìta, sábẹ́ igi máńgòrò kan, níbi tí etí ẹlòmíràn kò lè dé. Nísọ̀lá tẹ orí ba, kò lè gbé ojú sókè.

“Ṣé o rí ohun tí mo kọ sí etí ìwé yìí?” ni bàbá wí, ó sì nà án sí i. Bírò pupa ni. Ó ti fa igi gba orí Ṣakí, ó sì ti kọ Ògbómọ̀ṣọ́ sókè rẹ̀.

Nísọ̀lá wò ó títí lẹ́tà náà fi ń pọ̀ lójú rẹ̀.

“Láti ìgbà tí mo ti fi orúkọ mi sí àbá yìí ni ọkàn mi ti ń ṣe méjì,” ni bàbá tẹ̀síwájú. “Mo fẹ́ kí ẹnìkan dìde kó sọ ohun tí o sọ yẹn, ìdí rèé tí mo fi pe ìpàdé. O sọ ọ́ dáadáa. Bí o bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ bí aṣojú ìlú rẹ, kí o bá mi jiyàn, ǹ bá ti fún ọ.”

“Bàbá, mo rò pé...”

“Mo mọ ohun tí o rò. Wọ́n ti sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ àríyànjiyàn.” Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Nínú ilé mi ni mi ò ti fẹ́ ẹ. Ìpàdé kì í ṣe ilé mi. Ìgbà tí o ti pe ara rẹ ní àna mi níwájú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni o ti so mí lọ́wọ́. Bí mo bá fún ọ, wọ́n á ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó ọmọ mi ni. Títí tí mo fi máa kú ni wọ́n á máa sọ ọ́, wọ́n á sì sọ ọ́ sí Morẹ́nikẹ́ náà.”

Nísọ̀lá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ síbẹ̀. Ó rántí Ismaheel, ó la ẹnu, ó sì rí i pé kò sí ohun tí òun lè bẹ̀ fún mọ́ tí kò ní í tún jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àna.

“Sátidé, kí àwọn ẹbí rẹ má pẹ́,” ni bàbá wí. “Oòrùn máa ń mú. Mo ti fọwọ́ sí i.” Ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí ènìyàn bá ń gbàdúrà fún nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n wá fún un, ó yẹ kó fò sókè. Nísọ̀lá dúró lábẹ́ igi náà bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ràn Morẹ́nikẹ́ tọkàntọkàn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí pé inú rẹ̀ kò dùn.

Ní ọ̀nà ilé, Mashood tọrọ àforíjì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun lòun fa gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gé òun lẹ́nu. Nísọ̀lá ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé àyà òun ni, òun fúnra òun ló gbé e lé ilẹ̀. Bí ilé ṣe ń súnmọ́, Nísọ̀lá ń gbàdúrà pé kí táyà jò, kí ilẹ̀ ṣú, kí àwọn ọmọ náà ti lọ sílé wọn.

Wọn ò tíì lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lórí pápá Orí-Òkè, àwọn ọmọ náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láti fi dúró dè é. Nígbà tí wọ́n rí Dátsùn, eré dúró. Nísọ̀lá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kò ṣí i. Mashood wò ó, ó ní, “Jókòó, jẹ́ kí n lọ sọ ọ́,” ó sì bọ́ sílẹ̀.

Láti inú ọkọ̀, Nísọ̀lá ń wo ọwọ́ Mashood bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò lè sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Dámiláre, tó jẹ́ igbákejì Ismaheel lẹ́nu ilé, jókòó sílẹ̀ lórí koríko. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yí ojú, wọ́n wo ọkọ̀.

Ismaheel ló ya kúrò láàrin wọn. Ó rìn wá jẹ́jẹ́, ọmọ gíga tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ó ń tú ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé kúrò lọ́wọ́ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó dé ojú fèrèsé ọkọ̀, ó tẹ̀ ba.

“Ẹ kú oríire ìyàwó, sà,” ló wí. “Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín kalẹ́.”

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Nísọ̀lá wá a níbẹ̀, kò rí i. Bàbá ọmọ náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé bí oríire bá dé bá ẹnì kan, kí ènìyàn kí i. Ó na ìbọ̀wọ́ méjèèjì gba ojú fèrèsé wọlé.

“Ẹ bá mi fún Dámiláre, sà. Òun kì í gbààwẹ̀. Á nílò rẹ̀ ní Èrúwà.”

Nísọ̀lá gbà á. Ó gbé e lé orí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ àwọn ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.